Ẹni Tó Ń Jẹ́ Ojú Abẹ́rẹ́

Kí Kinasih tó gbé ọmọláńgidi rẹ̀ síta, kò sí ẹni tí kò mọ Jatmiko nílé-ìwé iṣẹ́ ọnà tó wà ní gúúsù ìlú Jogja, ní erékùṣù Jáfà yẹn. Bí àlejò bá dé, àwòrán rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú un lọ wò. Bí olùkọ́ bá sì fẹ́ bá ọ̀lẹ wí, orúkọ Jatmiko ni yóò fi bá a wí: "Ṣé o ò rí Jatmiko ni? Ṣé orí méjì ló ní?"

Orí òkè olókùúta Gunungkidul ló ti wá, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti ń fa kànga gbẹ, tí àwọn obìnrin ń ru omi gun òkè láti ìgbà tí oòrùn bá ti yọ. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn ló ń yà. Ó ń yà wọ́n tóbi, àwòrán tó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ, ó ń fi ọ̀bẹ lẹ ọ̀dà mọ́ ọn títí yóò fi nípọn bí ògiri tí wọ́n rẹ́. Ẹni tó bá dúró síwájú rẹ̀ pẹ́ díẹ̀, òùngbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́.

Jatmiko mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n ṣe. Kì í fọ́nnu. Ọmọ Jáfà tó gba ẹ̀kọ́ ilé ni, ó ń tẹrí ba fún àgbà, ohùn rẹ̀ sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìsàlẹ̀ ikùn rẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ti pín ayé sí ọ̀nà méjì: òun rèé, àwọn tó kù nìyẹn.

Kinasih wà lára àwọn tó kù. Imogiri ló dàgbà sí, lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ tó ń fi ìda gbígbóná ya iṣẹ́ sára aṣọ báàtíkì. Ọdún kejì nílé-ìwé ni òun àti Jatmiko bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ra. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹlẹ́rìn-ín ni, kì í bá ẹnikẹ́ni du nǹkan. Igun yàrá iṣẹ́ ló máa ń jókòó sí, tí yóò máa fi àjákù báàtíkì rán ọmọláńgidi kéékèèké, tí yóò sì máa kọrin sí wọn létí. Bó bá ti rán ọ̀kan tán, á gbé e wá bá Jatmiko, tó ń pè ní Mas, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin níbẹ̀, tí wọ́n sì ń pe ti obìnrin ní Mbak.

"Mas, báwo lo ṣe rí i?"

"Ó dáa." Jatmiko kò ní gbé ojú kúrò lára àwòrán tirẹ̀.

"Ó dáa nìkan náà?"

"Ó dáa gan-an ni."

Kinasih á rẹ́rìn-ín, á padà sí igun rẹ̀. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn, ìfẹ́ wọn sì tutù minimini.

Ọdún tí wọ́n máa jáde ni nǹkan yí padà. Kinasih rán ìyá arúgbó kan tó ru igi ìdáná, ìborùn wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ hun jọ bí èso tó gbẹ, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé e jókòó sórí àga alùpùpù rẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ẹni tí yóò gbé òun relé. Jatmiko gan-an ló bá a ya fọ́tò rẹ̀, torí pé ó mọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bá ojú mu. Kinasih fi í sórí ayélujára, ó pa fóònù dé, wọ́n sì lọ jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, àwòrán náà ti rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì kò dé rí. Àwọn èèyàn ń kọ̀wé láti Jakarta, láti Penang, láti Manila: "Ìyá àgbà mi nìyí." "Mo sunkún níbi iṣẹ́." "Ẹ bá mi rán ọ̀kan."

Inú Jatmiko dùn. Ká sọ tòótọ́, inú rẹ̀ dùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ó ń sọ ọ́ fún àwọn ará ilé wọn pé ọmọbìnrin tí òun ń fẹ́ ti di ẹni àmọ̀káyé.

Owú kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ọ̀sán kan ló bá a níbi kẹ̀kẹ́ olóúnjẹ tó wà lẹ́bàá ọgbà ilé-ìwé, níbi tí wọ́n ti ń ta ìrẹsì pọ́ńkán-pọ́ńkán tí wọ́n pọ́n sínú ewé. Òun, Kinasih àti Togar jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ Bátákì láti Medan ni Togar, yàrá kan náà ni òun àti Jatmiko ń gbé, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Àwọn ọmọbìnrin méjì kan ya wá, wọ́n ń ti ara wọn lẹ́jìká.

"Mbak, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ ni àwọn ìyá àgbà orí fóònù yẹn?"

"Èmi ni," ni Kinasih wí, ó fi ọwọ́ bojú.

"Yéè! Mo sọ fún ẹ àbí mi ò sọ fún ẹ?" Ọ̀kan nínú wọn kọjú sí Jatmiko, ó na fóònù sí i. "Mas, ẹ bá wa ya ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́."

Jatmiko gba fóònù, ó dìde. Ó gbé e sókè.

"Ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, Mas," ni ọmọbìnrin náà wí. "Òjìji yín wọ inú ẹ̀."

Ó sún sẹ́yìn. Ó ya fọ́tò. Wọ́n gba fóònù wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Kinasih, wọ́n sì lọ. Kò sí ẹni tó bi í pé kí lorúkọ rẹ̀.

Togar bú sẹ́rìn-ín. "Jatmiko! Ìgbà wo lo di ayafọ́tò? Sọ iye tí ò ń gbà fún wa, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ya ti ìkómọ."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Jatmiko náà rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní bí inú bá ń bí èèyàn, itọ́ funfun náà ló ń tu jáde, ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú. Kò lè jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán.

Láàárín oṣù yẹn ni Bu Sumirah, olùkọ́ àgbà wọn, pe àwọn tó ń jáde jọ. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín láì nídìí. Ó ní ìdíje kan ti dé tí wọ́n ń pè ní Ọwọ́ Tuntun, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà tó ń jáde ní gbogbo orílẹ̀-èdè agbègbè náà. Oníkálukú yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ sójú ìwé àwọn tó ṣètò rẹ̀ lórí ayélujára, gbogbo ayé yóò máa wò ó, wọn yóò sì máa dìbò. Àwọn adájọ́ yóò wo ìbò, wọn yóò wo iṣẹ́, wọn yóò sì yan díẹ̀ tí iṣẹ́ wọn yóò lọ sí Singapore fún àfihàn.

"Ẹ má fojú di í o," ni Bu Sumirah wí. "Nígbà tiwa, a ń jókòó sílé ni, a ń retí kí ẹnìkan wá kan ilẹ̀kùn. Ní tiyín, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu, àfi pé èrò tó wà lẹ́nu rẹ̀ kò mọ níwọ̀n."

Gbogbo ojú yí sí Jatmiko. Lẹ́yìn náà, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá yí ewé, ojú wọ̀nyẹn yí sí Kinasih. Jatmiko rí i.

Ó gbé èyí tó tóbi jù nínú àwọn àwòrán rẹ̀ síta gbangba, ó yà á ní fọ́tò, ó sì gbé e sójú ìwé ìdíje náà. Nígbà tó ṣí i wò lórí fóònù, ó já a kulẹ̀. Àwòrán tó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ ti di nǹkan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò. Ọ̀dà tó nípọn kò hàn. Obìnrin tó ru omi kò ju èèrà tó ru èérún lọ. Ó gbé e sójú ìwé ti ara rẹ̀ náà, àwọn tó tẹ àmì ọkàn sí i kò sì kún ọkọ̀ akérò kan. Àbúrò ìyá rẹ̀ ní Wonosari wà lára wọn. Ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé: "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

Àwọn ìyá àgbà Kinasih ní tiwọn, bí ẹni pé inú fóònù ni wọ́n bí wọn sí.

Òun àti Kinasih jọ kọjá ìpele àkọ́kọ́. Látìgbà náà ni Jatmiko kò ti lè sinmi. Bó bá jí, ìbò ló ń wò. Bó bá ń po ọ̀dà, á nu ọwọ́, á wò ó. Ti Kinasih ń kún bí omi odò nígbà òjò, tirẹ̀ ń kán tótó. Kì í tiẹ̀ wo ti àwọn ará Bangkok tàbí ti àwọn ará Hanoi. Ti Kinasih nìkan ló ń wò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó ṣí fóònù, ìbò tirẹ̀ ti ru gùdù. Ó fò dìde lórí ẹní. "Togar! Togar, wá wò ó!" Ayọ̀ mú un dé ibi pé ó dì mọ́ Togar. Lẹ́yìn náà ló sọ̀ kalẹ̀ láti ka ohun tí àwọn èèyàn kọ. "Ọkọ ìyá àwọn ìyá àgbà rèé, ẹ bá a dìbò, ẹ ṣojú àánú." "Mi ò mọ ohun tó yà, ṣùgbọ́n nítorí Mbak Kinasih." "Mas, ẹ tọ́jú ìyá wa dáadáa o!"

Kinasih ló ti bẹ àwọn èèyàn rẹ̀ kí wọ́n ran Jatmiko lọ́wọ́.

Jatmiko bá a ní yàrá iṣẹ́, níbi tó ti ń ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Ó ní, "Ta ló rán ẹ níṣẹ́?"

"Iṣẹ́ wo?"

"Pé kí o máa bá mi tọrọ ìbò káàkiri. Ṣé mo sọ fún ẹ pé afọ́jú ni mí, tí o fi ń fà mí lọ́pàá kiri?"

Ẹnu ya Kinasih. "Mas, mo rò pé inú rẹ á dùn. Àwọn èèyàn yẹn kò mọ̀ ẹ́ ni, mo ní kí wọ́n wo iṣẹ́ rẹ."

"Wọn ò wò ó. Ìwọ ni wọ́n ń wò."

"Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn?"

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, Jatmiko sì mọ̀. Ohun tó sì jẹ́ kó dun ún jù nìyẹn. Bí Kinasih bá ti rẹ́ni jẹ tàbí tó gbéraga, ì bá rí ibi gbé ìbínú lé. Ó jáde, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó wà á kiri láàárín oko ìrẹsì títí epo fi fẹ́ẹ̀ tán.

Ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán tí oòrùn mú, tí Togar ń hanrun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Jatmiko ṣí ojú ìwé tuntun kan lórí fóònù. Kò fi àwòrán ara rẹ̀ sí i. Orúkọ tó fún un ni Ojú Abẹ́rẹ́. Ó lọ sábẹ́ àwọn ọmọláńgidi Kinasih, ó sì kọ ọ́ pé:

"Gbogbo ìyá àgbà yìí ló ń rẹ́rìn-ín. Ta ló ru igi gun òkè rí tó ń rẹ́rìn-ín? Ẹni tó rán wọn kò wo ìyá rẹ̀ lójú. Àwa ló ń wò, bóyá a ó pàtẹ́wọ́."

Ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni ìtura kan bá a, bí ìgbà tí èèyàn bá yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀.

Àwọn olólùfẹ́ Kinasih bú u. Wọ́n ní ajá ni, wọ́n ní ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ nílé. Ṣùgbọ́n àwọn kan ní, "Ẹ dúró ná, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí." Jatmiko tún kọ òmíràn. Kí wọ́n má baà mọ ẹni tó jẹ́, ó ń kọ nípa iṣẹ́ àwọn olùdíje mìíràn náà. Ó ní ti ará Hanoi kan, pé gbogbo ìkùukùu rẹ̀ ló jọ òwú tí wọ́n fi nu ojú. Ó ní ti ará Cebu kan, pé ó mọ ọwọ́ yà, àmọ́ kò sí ẹni tó ni ọwọ́ náà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mú bí abẹ, ó sì ń pani lẹ́rìn-ín. Kí ìdíje tó dé ìdajì, èèyàn rẹpẹtẹ ti ń tẹ̀ lé Ojú Abẹ́rẹ́. Bó bá dákẹ́ fún ọjọ́ kan, wọ́n á máa bèèrè pé níbo ló wà. Ohun tí ọ̀dà kò ṣe fún Jatmiko látọjọ́ tó ti ń kùn ún, ẹnu mímú ṣe é fún un láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Togar ń ka ọ̀rọ̀ náà sókè ní yàrá iṣẹ́. "Ẹ gbọ́ eléyìí! Ẹni yìí, á jẹ́ pé ata ni wọ́n fi fọ ẹnu ẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ òótọ́ kan fún yín: ìlara ló ń pa á. Ẹni tí inú ẹ̀ balẹ̀ kì í jókòó wo ọmọláńgidi ọlọ́mọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀."

Jatmiko bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà tó ti so tẹ́lẹ̀.

Kinasih kò bú Ojú Abẹ́rẹ́. Ó gba fóònù lọ́wọ́ Togar, ó ka ọ̀rọ̀ náà, ó tún un kà. "Ó dùn mí," ni ó wí níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n ẹni yìí wo iṣẹ́ mi. Gbogbo àwọn tó kù ń wí pé ó dára, ó dára, bí ẹni ń lé eṣinṣin. Òun nìkan ló jókòó tì í." Ó gbé ojú sókè. "Mas, kí lo rò? Ṣé òótọ́ ló sọ nípa ẹ̀rín wọn?"

"Má dá a lóhùn," ni Jatmiko wí. "Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn náà, kò rò pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ sí èèyàn. Owú Ojú Abẹ́rẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́. Kinasih ń fi ọ̀wọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Bu Sumirah gan-an ní kíláàsì sọ pé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni yòówù kó jẹ́, ó lójú. Àwọn èèyàn ń tọ Ojú Abẹ́rẹ́ wá pé kó bá àwọn wo iṣẹ́. Ẹnìkan kò sì tọ Jatmiko wá. Obìnrin rẹ̀ tó ru omi ṣì dúró sójú ìwé ìdíje, ìbò àánú nìkan ló rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Ìgbà kan wà tó tiẹ̀ ronú láti jẹ́ kí Ojú Abẹ́rẹ́ yin àwòrán Jatmiko. Ó kọ ọ́, ó kà á, ojú ti í, ó pa á rẹ́.

Ìbínú ọjọ́ yẹn ló fi kọ èyí tó burú jù: "Bí ẹ bá tú ìdí ìborùn wọn, ẹ ó rí ojú rírán tó wọ́ síbi tí ọ̀fun yẹ kó wà. Bí ẹ bá tú ikùn wọn, èèpo ìrẹsì ni ẹ ó bá. Kí ni ìyá àgbà gbé mì láti àárọ̀ ọjọ́ rẹ̀? Bó bá jẹ́ pé èèpo ni, kí ló dé tí ẹ fi báàtíkì olówó ńlá bò ó? Ẹ jẹ́ ká rí i."

Kinasih ka ìyẹn tán. Ó kó àwọn ọmọláńgidi rẹ̀ sínú àpò, ó sì gba Imogiri lọ. Kò gbé fóònù. Jatmiko rò pé ó ti pa iṣẹ́ tì, ọkàn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá a lẹ́bi. Àmọ́ nínú ẹ̀bi yẹn náà, nǹkan tín-ín-rín kan ń jó.

Nígbà tí Kinasih padà dé, àwọn ìyá àgbà náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti tú ẹnu wọn, ó sì fi òwú dúdú rán an pa ní ìlà kan ṣoṣo. Ojú wọn wá le, ó wúwo, kò ṣeé wò tán. Èyí tó tóbi jù láàárín wọn, ó fi ojú rírán ikùn rẹ̀ sílẹ̀ láìfà á le. Èèpo ìrẹsì ń jò níbẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sílẹ̀, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ ètè, ikùn náà sì ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Jatmiko wọlé, ó rí i, ó dúró. Òùngbẹ gbẹ ẹ́.

Fídíò èèpo tó ń jò yẹn rìn ju gbogbo èyí tó ti ń rìn lọ. Abẹ́ rẹ̀, Kinasih kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "O ṣé, Ojú Abẹ́rẹ́."

Ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí àfihàn àwọn tó ń jáde ni èsì ìdíje dé. Bu Sumirah kà á lórí fóònù rẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn, gíláàsì ojú rẹ̀ ń yọ̀ bọ́ sí imú. Kinasih wà lára àwọn tó ń lọ sí Singapore. Jatmiko kò sí níbẹ̀. Ariwo sọ, wọ́n gbé Kinasih sókè. Jatmiko pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, ó pa á títí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fi ń ta á.

Nígbà tí àwọn èèyàn jáde lọ jẹun lábẹ́ àgọ́, Kinasih dúró lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù pẹ̀lú àwọn ìyá àgbà. Kinasih ń fi ọwọ́ kó èèpo tó ti jò sílẹ̀ jọ.

"Ìwọ ni," ni ó wí, láì gbé ojú sókè.

"Èmi ni kí ni?"

"Gbogbo ayé rò pé òwú ló wà nínú wọn. Mi ò sọ ti èèpo fún ẹnikẹ́ni lórí fóònù. Ìwọ lo bá mi gbé àpò rẹ̀ láti Imogiri wá. Ìwọ nìkan lo sì rí ìdí ọrùn wọn rí."

Jatmiko la ẹnu láti sẹ́ ẹ. Ó wo èèpo tó wà lọ́wọ́ Kinasih.

"O mọ̀ ọ́n látìgbà tí mo ti kọ ọ́?" ni ó bèèrè.

"Mo mọ̀ ọ́n kí n tó lọ sí Imogiri."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Mo fẹ́ ṣiṣẹ́ náà kọ́kọ́ ná." Ó da èèpo náà sínú abọ́ kan. "Mas, eébú yẹn kọ́ ló dùn mí. Gbogbo bí a ṣe jọ wà, mo ń gbé wọn wá bá ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bi ẹ́ pé báwo lo ṣe rí i. O ní, 'Ó dáa.' Òótọ́ wà lọ́wọ́ rẹ tó tó yẹn, o ò fún mi. Ìgbà tí o máa fún mi, o bo ojú, o sì jù ú lù mí láàárín ọjà."

"Owú ló jẹ mí," ni Jatmiko wí. Ọ̀rọ̀ náà jáde ní kíkúrú, bí ẹni tu èkùrọ́ jáde lẹ́nu.

"Mo mọ̀."

"Ó ṣì ń jẹ mí. Bí mo ṣe dúró yìí, ó ń jẹ mí."

Kinasih dìde nílẹ̀. "O kò purọ́ lónìí, ó kéré tán," ni ó wí. Ó mú abọ́ èèpo, ó jáde lọ bá àwọn tó ń pè é. Ìfẹ́ wọn parí síbẹ̀, láìsí ariwo.

Lẹ́yìn tí Kinasih ti wọ ọkọ̀ òfurufú, Jatmiko gbé orúkọ ara rẹ̀ sójú ìwé Ojú Abẹ́rẹ́. Ó kọ ọ́ pé: "Èmi Jatmiko ni, ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀." Àwọn tó ń yìn ín lánàá yí padà sí i. Àwọn kan ní òpùrọ́ ni, ó fẹ́ fi orúkọ olórúkọ gba iyì. Àwọn tó gbà á gbọ́ sì bú u dé orí ìran rẹ̀. Kinasih kò dá sí i. Nígbà tí Jatmiko kò lè fara dà á mọ́, ó pa ojú ìwé náà rẹ́, ó kó ọ̀dà rẹ̀, ó sì lọ bá Pakde Wagiyo, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, nítòsí Prambanan.

Ọkọ̀ lọ́rì ni Pakde Wagiyo ń kùn. Àwọn awakọ̀ tó ń kó iyanrìn òkè Merapi ló ń gbé ọkọ̀ wọn wá, kó lè ya ẹkùn tàbí obìnrin arẹwà tàbí ọ̀rọ̀ àpárá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Jatmiko bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, ó sì rí i nígbà tó yá pé iṣẹ́ náà bá òun mu. Ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ́rì tóbi. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀ lójú títì kò lè ṣe kó má wò ó. Síbẹ̀, kì í sí àárọ̀ tí kì í ṣí ojú ìwé Kinasih kó tó bọ́jú. Ó lọ sí Bandung, ó lọ sí Penang, ó dúró pẹ̀lú àwọn èèyàn pàtàkì. Jatmiko á wò ó, owú á ta á, á gbé búrọ́ọ̀ṣì.

Ọdún kejì tó ti wà níbẹ̀, awakọ̀ kan gbé lọ́rì rẹ̀ dé, ó na fóònù sí i. "Ìyá arúgbó yìí ni kí o yà fún mi. Ọmọ mi obìnrin fẹ́ràn rẹ̀ kú. Bí mo bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, ó fẹ́ kí ìyá yìí máa tẹ̀ lé mi."

Jatmiko wò ó. Iṣẹ́ Kinasih ni. "Mi ò lè ya eléyìí," ni ó wí. "Ẹ mú ẹkùn."

Pakde Wagiyo gbọ́ láti abẹ́ igi tó ti ń mu tíì. "Kí ni ẹ̀ ń sọ? Ta ló ní kò lè yà?"

"Pakde, ẹ jẹ́—"

"Mo mọ ẹni tó ni í, má ṣe mí bí ẹni tí kò ní fóònù. Ṣé bí owú yẹn ṣe ń bá ẹ jẹun náà ló tún máa bá ẹ ṣe oníbàárà? Gbé àkàbà, ọmọ mi."

Jatmiko gbé àkàbà. Ó yà á ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó fi ọ̀bẹ lẹ ọ̀dà mọ́ ọn bíi ti àtijọ́, ó fún un ní iṣan ọrùn àti ẹrù igi tó wúwo, ìyá náà sì bo gbogbo ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọmọ awakọ̀ náà wá wò ó, ó sì fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá náà. Ọkọ̀ náà gbéra lọ sí Surabaya.

Ẹnìkan yà á ní fídíò lójú títì. Ó rìn. Kò rìn bí ti Kinasih, ṣùgbọ́n ó rìn tó bẹ́ẹ̀ tí Togar fi ránṣẹ́ láti Medan pé, "Mo mọ ọwọ́ yìí! Ṣé wàá ṣì bá wa ya ti ìkómọ náà?"

Ní ọjọ́ kẹta, bó ṣe ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, fóònù rẹ̀ dún. Kinasih ni, tí kò kọ̀wé sí i látọjọ́ tí wọ́n ti yà. Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ó rò pé ìyìn ni, ó sì ti ń múra láti kórìíra rẹ̀.

"Ọwọ́ òsì rẹ̀ tóbi jù," ni Kinasih kọ. "Ó jọ ọwọ́ ọkùnrin. Ìyókù mú mi dúró lójú ọ̀nà."

Inú bí Jatmiko. Ó ju fóònù sórí àga. Ta ló ní kó wò ó? Ọwọ́ wo ló tóbi? Lẹ́yìn náà ló tún mú fóònù, ó ṣí fídíò náà, ó dá a dúró, ó sún un mọ́ ojú. Ó wo ọwọ́ òsì. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún. Pakde Wagiyo ń pè é wá jẹun, ojú rẹ̀ kò kúrò lára fóònù.

Ó tóbi jù lóòótọ́.

"Mo rí i," ni ó kọ padà sí i. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò, ó sì lọ jẹun.